Yàrá tí ẹ fẹ́ fà mọ́ ilé fún àgbàlagbà

Òkun o, ẹ̀yin ará wa. Ẹni tó bá fẹ́ fa yàrá mọ́ ilé fún ìyá tàbí bàbá ní Kàbà, Mọ̀pà tàbí Ìsánlú, kó tètè bá bíríkìlà sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Bí ẹnu ọ̀nà bá fi ẹsẹ̀ bàtà 1 ga ju ilẹ̀ lọ, ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kẹ̀kẹ́ aláìlera máa gbà gbọ́dọ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12. Ó gùn lóòótọ́, àmọ́ èyí tó bá kúrú máa ga jù. Ẹ má lẹ táìsì dídán sí i o! Kọnkéré tí wọ́n fi ìgbálẹ̀ ha lójú kì í yọ̀ lójò. Ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ kó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 3. Irin ìdìmú tí àgbàlagbà máa dì mú nílé ìwẹ̀ ńkọ́? Ẹ fi kọnkéré dí ihò búlọ́ọ̀kù tẹ́ ẹ máa kàn án mọ́.