Bí mo ṣe túmọ̀ lẹ́tà ogun àwọn Adams sí Yorùbá, àti owó tí mo fi ṣòfò

₦45,000 ni mo san fún ọkùnrin kan tó ní òun mọ ìwé àtijọ́ kà, pé kó bá mi tẹ lẹ́tà mẹ́fà tí Abigail Adams àti ọkọ rẹ̀ John, tó padà di ààrẹ Amẹ́ríkà, kọ síra wọn nígbà ogun òmìnira Amẹ́ríkà. Mo fẹ́ túmọ̀ wọn fún àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní ìtàn. Iṣẹ́ dé, gbogbo ‘Congress’, ìyẹn ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà, ti di ‘Congrefs’! ‘S’ àkọ́kọ́ nínú ‘ss’ ni àwọn ará ìgbà yẹn máa ń fà gùn gbọọrọ, òun sì pè é ní ‘f’. Inú ṣì ń bí mi di òní, torí ọ̀fẹ́ ni Massachusetts Historical Society gbé àwòrán àwọn lẹ́tà náà àti ẹ̀dà tí wọ́n tẹ̀ dáadáa sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá ibẹ̀ kí ẹ tó náwó.

Ìtumọ̀ gan-an kò pẹ́. “Olówó orí mi” ni mo kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀ àwọn lẹ́tà Abigail, mo sì pa á rẹ́. Obìnrin tó kọ̀wé láti Braintree ní 31 March 1776, tó ní kí ọkọ òun má gbàgbé àwọn obìnrin nínú òfin tuntun, ọ̀rẹ́ ló ń pe ọkọ rẹ̀. “Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n” ni mo fi sílẹ̀.

Àrokò, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi nọ́ńbà bò kí ẹlòmíràn má baà rí i kà, ló dá mi dúró. Ní 1775, ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì tẹ àwọn lẹ́tà John, wọ́n sì tẹ̀ wọ́n jáde fún gbogbo ayé kà. Nígbà tó di aṣojú ní Yúróòpù, James Lovell tó wà ní Congress ń fi nọ́ńbà bo ọ̀rọ̀ tó bá kọ sí i. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ nínú orúkọ ìdílé tí àwọn méjèèjì ti jọ lo ìrọ̀lẹ́ kan kí wọ́n tó gbéra lọ sí Baltimore. Ilé Cranch ni, ọkọ ẹ̀gbọ́n Abigail. John kò rí i tú. Benjamin Franklin, aṣojú Amẹ́ríkà ní ilẹ̀ Faransé, náà gbìyànjú títí, ó tì.

Èmi mọ ‘C’ àti ‘R’, síbẹ̀ odindi òru mẹ́ta ni mo fi ń rí ọ̀rọ̀ játijàti. Òpó kan ṣoṣo, ìyẹn ìlà A sí Z kan tí wọ́n to nọ́ńbà sí, ni mò ń kà! Òpó méjì ló wà: nínú èkíní, 1 ni C, 2 ni D, nínú èkejì, 1 ni R, 2 ni S. Lẹ́yìn Z ni àmì ‘&’, kó tó padà sí A. Nọ́ńbà kan láti òpó yìí, èyí tó tẹ̀ lé e láti òpó kejì. Bí ẹ bá fo nọ́ńbà kan péré, gbogbo ìyókù ti dàrú nìyẹn. Ìwé onígun mẹ́rin tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò ni kí ẹ lò, nọ́ńbà kan nínú àpótí kan. Ká ní mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ lálẹ́ àkọ́kọ́, mi ò bá ti sùn.

Mo wá fi ọwọ́ ara mi di ‘peace’ ní àrokò: 14 15 26 13 3. E méjì ló wà níbẹ̀, 15 ni ọ̀kan, 3 ni èkejì. Mo pariwo nínú yàrá.

Lọ́jọ́ Ajé ni mo máa kọ nọ́ńbà márùn-ún yẹn sórí pátákó. Mi ò ní sọ orúkọ ilé náà fún wọn.