Bí Ẹ Ó Ṣe Máa Ṣọ́ Ọpọlọ Ọmọ Tí Wọ́n Ti Pààrọ̀ Mùdùnmúdùn Egungun Rẹ̀

Láti ọdún 1968, tí wọ́n pààrọ̀ mùdùnmúdùn egungun, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá, fún ọmọ kan tó ní SCID (àrùn àbímọ́ni tí kì í jẹ́ kí ara lè bá àrùn jà) ní Minnesota ní Amẹ́ríkà tí ọmọ náà sì yè, ni ìtọ́jú yìí ti ń gba àwọn ọmọ tí ara wọn kò lè bá àrùn jà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ lè dá ṣáṣá kí ọpọlọ àti iṣan tó ń jẹ́ iṣẹ́ ọpọlọ fún ara má dá. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ti gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ padà sí Ilé-Ifẹ̀ tàbí Iléṣà, iṣẹ́ ṣì kù.

Kí ẹ tó kúrò ní ilé ìwòsàn tó ṣe é, ẹ gba ìwé tó sọ orúkọ àrùn náà gan-an àti gbogbo oògùn tí wọ́n lò. Bó bá jẹ́ SCID oríṣi ADA ni, ìyẹn èyí tí èròjà ara kan tó ń jẹ́ ADA kò tó nínú ara ọmọ, etí àti ìwà ọmọ lè níṣòro síbẹ̀, nítorí náà kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò kó tó wọ iléèwé. Chediak-Higashi, àrùn àbímọ́ni mìíràn tí kì í jẹ́ kí ara lè bá àrùn jà dáadáa, ló gba ìṣọ́ra jù: mùdùnmúdùn tuntun a máa tún ẹ̀jẹ̀ ṣe, àmọ́ kì í tún iṣan tí àbùkù náà ti wà nínú rẹ̀ látinú oyún ṣe. Ìdí nìyí tí ẹlòmíràn fi lè lé ní ogún ọdún kí ọwọ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kí ìrìn rẹ̀ máa ta gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n-ọ́n.

Kí ẹ lè tètè rí irú àyípadà bẹ́ẹ̀, ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ọmọ máa fi gìgísẹ̀ kan ìka ẹsẹ̀ kejì bó ṣe ń rìn lórí rẹ̀. Ẹ da ẹ̀wà sínú àwo, kí ó máa ṣà á lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan sínú ife, ọwọ́ ọ̀tún lákọ̀ọ́kọ́, òsì lẹ́yìn náà. Kí ó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé kan, kí ẹ kọ déètì sí i. Èyí tó kọ lọ́dún tó kọjá ni kí ẹ fi wé tòní, kì í ṣe ti ọmọ aládùúgbò. Bí olùkọ́ bá ní ó ti ń ya ọ̀lẹ, ẹ fi ìwé náà hàn án kí ẹgba tó dé.

OAUTHC, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, tàbí Wesley Guild tó jẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ ní Iléṣà, ni kí ẹ gbé àkọsílẹ̀ yìí lọ. Bí gìrì bá mú un, tàbí tí orí ń fọ́ ọ kíkankíkan tí ojú rẹ̀ sì ń ṣú, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú kí ẹ tó gbé e dé ilé ìwòsàn, pàápàá bó bá ṣì ń lo cyclosporine tàbí tacrolimus, oògùn tí kì í jẹ́ kí mùdùnmúdùn tuntun àti ara ọmọ máa bá ara wọn jà, torí méjèèjì lè mú kí ọpọlọ wú. Ẹ tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ má da àgbo tàbí ìtọ̀ màlúù sí i lẹ́nu. Bí dókítà bá fẹ́ kọ oògùn warápá, ẹ tètè sọ èyí tó ń lò fún un, nítorí phenytoin àti carbamazepine a máa dín cyclosporine àti tacrolimus kù nínú ẹ̀jẹ̀, mùdùnmúdùn tuntun náà sì lè tipa bẹ́ẹ̀ máa bá ara ọmọ jà, tàbí kí ara ọmọ kọ̀ ọ́.