Bí A Ṣe Ń Pín Iná Sólà sí Ẹ̀yà, Kí Àrà Tuntun Lè Ráyè Wọlé

Àpótí sólà alápapọ̀ kún ọjà láti Wuse ní Abuja dé Sabon Gari ní Kano: bátìrì, ínfátà àti kọ́ńtúróólà (òun ló ń ṣètò iná tó ń ti pánẹ́ẹ̀lì wọ bátìrì) wà nínú ara wọn, pánẹ́ẹ̀lì nìkan ló kù kí ẹ so mọ́ ọn. Ìgbà tí bátìrì inú rẹ̀ bá kú ni ẹjọ́ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ óò wá èyí tó bá ojú rẹ̀ mu tì, ínfátà tí kò ṣe nǹkan kan á sì bá a lọ sí àkìtàn.

Ẹ ra ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ẹ fi àdéhùn so wọ́n pọ̀ ní oríkèé, ìyẹn ibi tí ẹ̀yà kan ti pàdé èkejì. Kì í ṣe tìtorí owó nìkan. Bí bátìrì bá ti dá dúró, ẹni tó mọ bátìrì lè mú èyí tó sàn jù wá láìdúró de ẹni tó ṣe ínfátà. Ohun tó mú kọ̀ǹpútà yára dàgbà nìyẹn. IBM kéde System/360, ẹbí kọ̀ǹpútà kan, ní 1964, oríkèé kan náà sì ni àwọn ẹ̀rọ inú ẹbí náà fi ń gba dísíìkì àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn wo oríkèé yẹn dáadáa, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe dísíìkì tiwọn tó wọ ojú rẹ̀, wọ́n sì ń tà á ní owó tí kò tó ti IBM. Nígbà tí IBM PC jáde ní 1981, ọ̀dọ̀ Intel ni ọpọlọ rẹ̀ ti wá, DOS, ètò tó ń darí rẹ̀, wá láti ọ̀dọ̀ Microsoft, kò sì pẹ́ tí àwọn ẹlòmíràn fi ń to irú rẹ̀. Oríkèé ló ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn. Òun náà sì ni ọ̀pọ̀ oníná ń bàjẹ́ nídìí sólà.

Pípín in

Ẹ̀yà mẹ́rin tó: pánẹ́ẹ̀lì, kọ́ńtúróólà, bátìrì, ínfátà. Ohun tí ẹ kò bá lè fi mítà yẹ̀ wò lóun nìkan, ẹ má yà á sọ́tọ̀. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í tú bátìrì lithium láti yọ BMS inú rẹ̀: òun ló ń ṣọ́ sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, bí ó bá kúrò, kò sí ohun tí yóò dá iná dúró nígbà tí sẹ́ẹ̀lì kan bá ti kún jù. Ínfátà hybrid tó gbé kọ́ńtúróólà sínú rọrùn láti so, ṣùgbọ́n ẹ fi í sílẹ̀. Bí ọ̀kan bá kú nínú rẹ̀, ẹ óò gbé méjèèjì lọ fún oníṣẹ́.

Yíyan fóòtì

24V ni kí ẹ lò fún ilé tó ní fíríìjì, fáànù àti tẹlifíṣọ̀n. Ẹrù 1,000W lórí 12V ń fa nǹkan bíi 83A (áńpíà 83, ìwọ̀n iná tó ń ṣàn nínú wáyà), lórí 24V ó di 42A, lórí 48V ó di 21A. Áńpíà tó bá pọ̀ ń béèrè wáyà tó nípọn, wáyà sì wọ́n. Ẹ fi 48V sílẹ̀ fún ilé tó ní ẹ̀rọ amúlétutù tàbí ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga.

Oríkèé mẹ́ta tó ń da iṣẹ́ rú

Kí ẹ tó so ohunkóhun, ẹ kọ ohun mẹ́ta sórí ìwé fún oríkèé kọ̀ọ̀kan: fóòtì tó ga jù tó lè gba ibẹ̀ kọjá, áńpíà tó pọ̀ jù, àti ohun tí a kọ́kọ́ ń so.

Láàárín pánẹ́ẹ̀lì àti kọ́ńtúróólà, ọyẹ́ ni ọ̀tá. Ẹ wo ẹ̀yìn pánẹ́ẹ̀lì 550W, ẹ óò rí Voc (fóòtì rẹ̀ nígbà tí a kò so nǹkan kan mọ́ ọn) tó sún mọ́ 49.8V. Tí ẹ bá so méjì ní tẹ̀léǹtẹ̀lé (series), ó di 99.6V, kọ́ńtúróólà tí wọ́n kọ 100V sí lára á sì dà bí ẹni pé ó gbà á. Kò gbà á. 49.8V yẹn, ní 25°C ni wọ́n wọ̀n ọ́n. Bí pánẹ́ẹ̀lì bá ṣe ń tutù sí i ni fóòtì rẹ̀ ń gòkè, bíi 0.27% fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Ní àárọ̀ ọyẹ́ ní Jos, tí ojú ọjọ́ wà ní 12°C, 99.6V ti di 103V. Ní Abuja, bí ó bá wà ní 17°C, ó ti kọjá 101V. Kọ́ńtúróólà á ṣiṣẹ́ dáadáa láti March dé November, ó lè wá jóná ní January, wọ́n á sì ní ayédèrú ni. Ẹ ra èyí tó ń gba 150V, tàbí kí ẹ so pánẹ́ẹ̀lì méjèèjì ní ẹgbẹ́ ara wọn (parallel) kí fóòtì wọn má pọ̀ sí i. Pánẹ́ẹ̀lì méjì 550W yóò ti tó 39A sínú bátìrì 24V, nítorí náà kí kọ́ńtúróólà má kéré sí 40A.

Láàárín kọ́ńtúróólà àti bátìrì, àwọn tó ń kúrò lórí bátìrì olómi bọ́ sórí lithium ló ń ṣubú jù. Bátìrì olómi 24V ń gba 28.8V nígbà tó bá ń kún, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kọ́ńtúróólà á tún tì í kọjá 30V láti fọ inú rẹ̀. Lithium tó ní sẹ́ẹ̀lì 8 kò fẹ́ ìfọ̀ yẹn rárá. Ẹ pa equalize, orúkọ tí kọ́ńtúróólà ń pe ìfọ̀ náà, kí ẹ ṣètò gbígba iná sí 28.4V. Ibi tí wọ́n ń gbàgbé nìyí: ọ̀nà méjì ni iná ń gbà wọ bátìrì. Ínfátà náà ń fi iná NEPA kún bátìrì, ó sì ní ètò tirẹ̀. Ẹni tó tún kọ́ńtúróólà ṣe tó fi ínfátà sílẹ̀ lórí bátìrì olómi kò tíì ṣe nǹkan kan. Ẹ tún wo ibi tí ínfátà ti ń pa ara rẹ̀: 21V ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń dúró dè, lithium sì ti gbẹ kó tó dé ibẹ̀. Ẹ gbé e sí 24V.

Bátìrì sí ínfátà ni iná ti ń sọ. Ínfátà 2,000W ń fa nǹkan bíi 93A lórí 24V, pẹ̀lú iná tí òun fúnra rẹ̀ ń jẹ. Wáyà 35mm², kó má gùn ju mítà 2 lọ, pẹ̀lú fíúùsì 125A tó sún mọ́ orí bátìrì gan-an. Ẹ fi ọ̀bẹ ha wáyà náà kí ẹ tó sanwó. Bí inú rẹ̀ bá funfun, alumíníọ́ọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò ni, yóò gbóná. Ẹni tó ń ta wáyà sábà máa ń ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ lug, irin tó ń wà lórí wáyà láti fi dè é mọ́ bátìrì. Ẹ ní kó bá yín tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀. Lug tí wọ́n fi òòlù lù máa ń tú díẹ̀díẹ̀, ibi tó tú ni ooru ń gbà wọlé.

Ẹ má fi bíréékà AC (ti iná NEPA) rọ́pò ti DC (ti iná bátìrì) torí pé ó pọ́ọ́kú. Iná NEPA máa ń bọ́ sí òdo nígbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìgbà yẹn ni iná tó ń fò láàárín irin bíréékà ń kú. Iná bátìrì kì í bọ́ sí òdo, bíréékà AC lè máa jó lọ lẹ́yìn tí ẹ ti pa á.

Síso ó

Bátìrì ni ẹ ó kọ́kọ́ so mọ́ kọ́ńtúróólà, lẹ́yìn náà pánẹ́ẹ̀lì. Tí ẹ bá ń tú u, pánẹ́ẹ̀lì ni kó kọ́kọ́ kúrò. Ara bátìrì ni kọ́ńtúróólà ti ń mọ̀ bóyá 12V tàbí 24V ló bá. Bí pánẹ́ẹ̀lì bá ṣáájú, ó lè ṣì í mọ̀.

Ojú oríkèé bátìrì, ẹ fi Anderson SB175, púlọ́ọ̀gì ńlá fún iná bátìrì, sí i. Láìlo spánà rárá, bátìrì á jáde, òmíràn á wọlé. Pátákó plywood tó dúró dáadáa tó láti kan gbogbo rẹ̀ mọ́, kò di dandan kí ẹ ra àpótí irin. Àwọn alágbẹ̀dẹ Panteka ní Kaduna lè jó férémù pánẹ́ẹ̀lì fún yín bí ẹ bá fún wọn ní ìwọ̀n ihò ẹ̀yìn rẹ̀. Wọn kò nílò láti mọ ohunkóhun nípa iná.

Ẹ̀yà kan lẹ́ẹ̀kan

Tí ẹ bá fẹ́ gbé e sókè, ẹ̀yà kan ni kí ẹ yí padà, kí ẹ fi mítà wo oríkèé méjèèjì tó kàn án, kí ẹ lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó fọwọ́ kan òmíràn. Ẹni tó pààrọ̀ bátìrì àti ínfátà lọ́jọ́ kan náà kò ní mọ èyí tó ń dá a láàmú. Ẹ lè fi kọ́ńtúróólà kejì kún un pẹ̀lú pánẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ lórí bátìrì kan náà, wọn kì í bá ara wọn jà bí ètò fóòtì wọn bá dọ́gba. Bátìrì àtijọ́ àti tuntun ni a kì í so pọ̀.

Ẹ lẹ ìwé oríkèé náà mọ́ pátákó, kí ẹ fi nylon bò ó nítorí eruku, kí ẹ sì kọ déètì sí i nígbàkígbà tí ẹ bá yí nọ́ńbà kan padà.