Ẹ fẹ́ fi ṣáàtì sórí wẹ́bsáìtì yín? Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó máa fèsì

Ẹ lọ sórí wẹ́bsáìtì èyíkéyìí báyìí, ẹ wo ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ẹ máa rí nǹkan róbótó kan tó ń kí yín pé ẹ ǹlẹ́ o, kí la lè bá yín ṣe. Ó ti wá dà bíi pé wẹ́bsáìtì tí ò bá ní i ò tíì parí. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹ máa tẹ ọ̀rọ̀ sínú ẹ̀, ẹ máa dúró títí, kò sẹ́ni tó máa fèsì. Èmi náà ti ṣe irú ẹ̀ fún èèyàn rí o. Mo fi ṣáàtì sórí wẹ́bsáìtì kan tí mò ń bójú tó, inú mi dùn pé kọ́ọ̀dù yẹn ṣiṣẹ́, mo pa kọ̀ǹpútà mo lọ sùn, ìgbà tí mo fi máa rántí yẹ̀ ẹ́ wò ó ti pé ọjọ́ mẹ́ta, ẹnì kan ti kọ "ẹ jọ̀ọ́", ó tún kọ "ṣé èèyàn wà níbẹ̀ ṣá?", ó wá fi àmì ìbéèrè mẹ́ta parí ẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò fèsì mọ́. Ta ló máa fèsì.

Torí náà kẹ́ ẹ tó dé ibi kọ́ọ̀dù rárá, ẹ dáhùn èyí ná: ta ló máa ṣọ́ ọ, àárọ̀ ni àbí ọ̀sán àbí òru, fóònù ta ni mẹ́sééjì yẹn ti máa dún? Bó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ wà nídìí iṣẹ́ yẹn, kò burú, ẹ kàn mú wákàtí méjì tàbí mẹ́ta lójúmọ́ tẹ́ ẹ mọ̀ pé ọwọ́ yín máa ń dilẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé aago báyìí sí aago báyìí la máa ń fèsì, ẹni tó bá dé lẹ́yìn ìgbà yẹn kó fi íméèlì ẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó ti mọ̀ pé ọ̀la ni wọ́n máa dá òun lóhùn kì í bínú tó ẹni tí wọ́n sọ fún pé "a wà níbí báyìí" tó wá ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Bẹ́ ẹ bá sì rò ó tán tẹ́ ẹ rí i pé kò sẹ́ni tó máa ṣọ́ ọ, ẹ fi sílẹ̀, fọ́ọ̀mù lásán tó ń fi íméèlì ránṣẹ́ sàn jù ú lọ.

Àwọn ṣáàtì tó ti lọ

Nǹkan kejì rèé kẹ́ ẹ tó yan èyíkéyìí. Nínú àwọn áàpù ṣáàtì ayé àtijọ́, ICQ dé lọ́dún 1996, AIM ti àwọn AOL dé ní 1997, ti Yahoo dé ní 1998, MSN Messenger tẹ̀ lé e ní 1999. Àwọn tó lò wọ́n nígbà yẹn, ìró "uh-oh" ti ICQ yẹn ò tíì kúrò létí wọn dòní. Níbo ni wọ́n wà báyìí? Microsoft kó àwọn ará MSN lọ sórí Skype ní 2013, AIM kú ní oṣù kejìlá 2017, Yahoo Messenger tẹ̀ lé e ní oṣù keje 2018, ICQ ní oṣù kẹfà 2024, Skype tí wọ́n kó àwọn ará MSN lọ yẹn náà tún wá kógbá sílé ní oṣù karùn-ún 2025. Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni IRC, tí Jarkko Oikarinen kọ ní Finland lọ́dún 1988, ó ju gbogbo wọn lọ lọ́jọ́ orí, kò rẹwà, kò ní àwòrán kankan, òun ló ṣì wà láàyè, torí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo, ẹni tó bá wù ló lè gbé sẹ́fà ẹ̀ kalẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gba ọ̀rọ̀ tó sì ń fi í ránṣẹ́.

Ti orí wẹ́bsáìtì náà ò yàtọ̀. Meebo bẹ̀rẹ̀ ní 2005, wọ́n ní àpótí kékeré kan téèyàn lè lẹ̀ mọ́ ojú ìwé ẹ̀, Google rà wọ́n ní 2012, ó sì tì í pa. Facebook náà ní kọ́ọ̀dù kan téèyàn fi ń gbé Messenger sórí wẹ́bsáìtì ẹ̀, wọ́n dá a dúró ní oṣù karùn-ún 2024. Kì í ṣe pé mò ń dẹ́rù bà yín o, mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé èyí tẹ́ ẹ bá yàn lónìí, ẹ lè ní láti kó kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, kẹ́ ẹ yàn án bí ẹni tó ń háyà ilé, kì í ṣe bí ẹni tó ń kọ́lé.

Èwo la fẹ́ mú báyìí?

Èyí tó rọrùn jù kì í tiẹ̀ ṣe àpótí ṣáàtì rárá, línkì lásán ni. Ẹ kọ wa.me, ẹ fi àmì / sí i, ẹ wá kọ nọ́ńbà WhatsApp yín tẹ̀ lé e, pẹ̀lú nọ́ńbà orílẹ̀-èdè níwájú, láìsí àmì + níbẹ̀, láìsí òdo tó máa ń ṣáájú nọ́ńbà, láìsí àlàfo tàbí dáàṣì kankan. Ibi òdo yẹn lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í, wọ́n á wá ní línkì ò ṣiṣẹ́. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ti wà nínú ẹ̀ kí oníbàárà tó tẹ nǹkan kan, ẹ fi ?text= sẹ́yìn nọ́ńbà yẹn kẹ́ ẹ wá kọ ọ̀rọ̀ náà tẹ̀ lé e, %20 ni kẹ́ ẹ fi dípò àlàfo láàárín ọ̀rọ̀. Mo fẹ́ràn kí n fi orúkọ ojú ìwé tí èèyàn ti tẹ línkì sínú ẹ̀, kí n má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bi í pé èwo lẹ rí. Ti Telegram rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, t.me/ àti orúkọ tẹ́ ẹ ń jẹ́ níbẹ̀, ó parí.

Ohun tó dáa nínú línkì yìí ni pé oníbàárà lè pa wẹ́bsáìtì yín dé kó máa bá tiẹ̀ lọ, èsì yín máa bá a lórí fóònù ẹ̀. Àpótí ṣáàtì ò lè ṣe ìyẹn, tó bá ti kúrò lójú ìwé yẹn láìfi íméèlì sílẹ̀, ó ti lọ nìyẹn. Ohun tí ò dáa ni pé nọ́ńbà yín ti wà níta fún gbogbo ayé, torí náà ẹ má lo èyí tí ẹbí ń pè yín lórí ẹ̀, ẹ gba símù míì, kẹ́ ẹ sì lo WhatsApp Business, tó ti wà láti 2018, torí ó ní mẹ́sééjì tó máa ń jáde fúnra ẹ̀ tẹ́ ẹ ò bá sí nídìí ẹ̀, ó sì ní àwọn èsì tẹ́ ẹ ti kọ sílẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti tẹ / wọ́n á yọjú.

Ọ̀nà kejì làpótí gidi, àwọn bíi tawk.to, Crisp, Tidio, Intercom. Ọ̀nà kẹta ni kẹ́ ẹ gbé tiyín kalẹ̀ lórí sẹ́fà yín, Chatwoot àti Rocket.Chat wà fún ìyẹn, kọ́ọ̀dù wọn wà ní gbangba, dátà yín á wà lọ́wọ́ yín. Àmọ́ ẹ ní láti ní ẹni tó mọ sẹ́fà dáadáa tí á máa ṣe ọ̀pdéètì ẹ̀, bí ò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ẹ má dán an wò, ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ.

Bí wọ́n ṣe ń fi àpótí yẹn síbẹ̀

Ẹ forúkọ sílẹ̀, wọ́n á fún yín ní kọ́ọ̀dù JavaScript kékeré kan. Ẹ dà á kọ síbi tó kángun sí ìparí ojú ìwé, kó tó kan </body>. Bó bá jẹ́ WordPress lẹ ń lò, ẹ lo plugin wọn, ìyẹn àfikún kékeré tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀, ẹ má lọ máa fi ọwọ́ kọ ọ́ sínú fáìlì theme, èyí tó ń pinnu bí ojú wẹ́bsáìtì ṣe rí, torí ọjọ́ tí theme bá ṣe ọ̀pdéètì kọ́ọ̀dù yín ti pòórá nìyẹn, ẹ ò ní mọ̀, ẹ á kàn máa rò pé àwọn èèyàn ò fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú fóònù ẹlòmíì, kì í ṣe tiyín, ẹ ṣí wẹ́bsáìtì yẹn lórí dátà, kì í ṣe lórí wáífáì, kẹ́ ẹ wò ó bóyá àpótí yẹn ò bo bọ́tìnnì tí èèyàn fẹ́ tẹ̀ mọ́lẹ̀. Lórí fóònù ó máa ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Ẹ fi mẹ́sééjì ránṣẹ́, ẹ wo bó ṣe pẹ́ tó kó tó dún lọ́dọ̀ yín. Ẹ pa áàpù yẹn dé kẹ́ ẹ tún fi òmíràn ránṣẹ́, torí ọ̀pọ̀ fóònù ló máa ń pa áàpù tí wọn ò lò láti fi tọ́jú bátìrì, ìyẹn ni ò jẹ́ kí n gbọ́ ti ẹni ọjọ́ mẹ́ta yẹn, ẹ lọ sínú sẹ́tìn-ìn fóònù kẹ́ ẹ yọ áàpù ṣáàtì kúrò nínú àwọn tí fóònù lè pa.

Ẹ tún dán an wò lórí nẹ́tíwọ̀kì ọ́fíìsì kan tẹ́ ẹ bá ráyè. Ìdí ẹ̀ ni pé láyé àtijọ́ ṣáàtì orí wẹ́bsáìtì dà bí ọmọ tí wọ́n ń rán sí ẹnu ọ̀nà, kó lọ wò bóyá àlejò ti dé, á lọ á bọ̀, á lọ á bọ̀, ìyẹn ló fi máa ń lọ́ra. Nígbà tí WebSocket dé, ìyẹn ìlànà tuntun kan fún bí wẹ́bsáìtì á ṣe máa bá sẹ́fà sọ̀rọ̀, tí wọ́n sì fọwọ́ sí i ní oṣù kejìlá 2011, ilẹ̀kùn wá wà ní ṣíṣí láàárín sẹ́fà àti fóònù èèyàn, ọ̀rọ̀ á kàn wọlé fúnra ẹ̀. Àmọ́ àwọn nẹ́tíwọ̀kì ọ́fíìsì kan máa ń ti ilẹ̀kùn yẹn.

Fọ́ọ̀mù tó máa ń jáde kí ṣáàtì tó bẹ̀rẹ̀, orúkọ àti íméèlì tó. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti bi èèyàn ní nǹkan méje kó tó lè ní "ẹ káàárọ̀". Kí àpótí náà má sì fò mọ́ èèyàn lójú fúnra ẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ ka nǹkan tó wá kà.

Ọ̀rọ̀ àṣírí ńkọ́? WhatsApp ti ń ti gbogbo ọ̀rọ̀ pa láàárín ẹni méjì láti oṣù kẹrin 2016, débi pé àwọn méjèèjì nìkan ló lè kà á, Telegram ò ṣe bẹ́ẹ̀ àfi tẹ́ ẹ bá lo Secret Chat. Àpótí orí wẹ́bsáìtì ní tiẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ni ín sábà máa ń lè rí ohun tẹ́ ẹ sọ. Torí náà kò gbọdọ̀ sí ìgbà kankan tẹ́ ẹ máa ní kí ẹnikẹ́ni tẹ páásíwọ́ọ̀dù tàbí nọ́ńbà káàdì síbẹ̀, tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ fúnra wọn ẹ pa á rẹ́. (Àwọn áàpù kan sì wà tó máa ń fi ohun téèyàn ń tẹ̀ han ẹni tó jókòó lódìkejì kó tó fi ránṣẹ́. Ẹ rántí tó bá di pé ẹ̀yin lẹ jẹ́ oníbàárà tínú ń bí.) Bó bá jẹ́ pé àwọn ará Yúróòpù ń wá sórí wẹ́bsáìtì yín, òfin GDPR tó ń dáàbò bo ìsọfúnni àwọn èèyàn ti wà níbẹ̀ láti 2018, ẹ gba àṣẹ kúkì, ìyẹn àwọn fáìlì kékeré tí wẹ́bsáìtì ń fi pa mọ́ sórí fóònù èèyàn, kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí àpótí náà ṣí.

Bọ́ọ̀tì

Gbogbo àwọn tó ń ṣe àpótí ṣáàtì ló ń ta bọ́ọ̀tì mọ́ ọn báyìí, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń fèsì dípò èèyàn. Kì í ṣe nǹkan tuntun, Joseph Weizenbaum ti ṣe ELIZA ní MIT ní 1966, àwọn èèyàn sì ń sọ tinú wọn fún un bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kàn ń yí ọ̀rọ̀ wọn padà sí ìbéèrè ni. Àmọ́ látìgbà tí ChatGPT ti jáde ní oṣù kọkànlá 2022, bọ́ọ̀tì ti ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn, ó sì lè fi ìdánilójú sọ ohun tí ò rí bẹ́ẹ̀. Bọ́ọ̀tì Air Canada sọ fún èrò ọkọ̀ òfuurufú kan tí èèyàn ẹ̀ kú pé ó lè béèrè ẹ̀dínwó lẹ́yìn tó bá ti rìnrìn àjò tán, bẹ́ẹ̀ òfin wọn ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ dé iwájú ìgbìmọ̀ ìdájọ́ kan ní British Columbia, ilé iṣẹ́ náà fẹ́ sọ pé bọ́ọ̀tì ló máa dáhùn fún ọ̀rọ̀ ẹnu ara ẹ̀, ìgbìmọ̀ ò gbà, ní oṣù kejì 2024 wọ́n ní kí wọ́n sanwó.

Tẹ́ ẹ bá máa lò ó, ẹ jẹ́ kó sọ pé bọ́ọ̀tì lòun. Ẹ fún un ní àwọn ojú ìwé yín nìkan kó máa kà, kó má dá sí ọ̀rọ̀ owó tàbí ìdápadà owó rárá, kí bọ́tìnnì "mo fẹ́ bá èèyàn sọ̀rọ̀" sì wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn ìgbà tí èèyàn bá ti pariwo. Kẹ́ ẹ máa ka gbogbo ohun tó sọ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, gbogbo ẹ̀ ni mo sọ o, lẹ́yìn ìyẹn ẹ lè máa bù wò.

Ẹni tó bá máa fèsì fúnra ẹ̀, kó kọ́kọ́ sọ fún oníbàárà pé òun ti rí ọ̀rọ̀ ẹ̀, kó tó lọ wá ìdáhùn. Ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún láìsọ ọ̀rọ̀ gùn ju wákàtí kan téèyàn ti gbọ́ pé "ẹ fún mi ní wákàtí kan" lọ. Kó má sì bá ju èèyàn mẹ́ta lọ sọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, mo ti gbìyànjú márùn-ún rí, mo fi èsì ẹnì kan ránṣẹ́ sí ẹlòmíì.

Ó ku ọ̀kan. Lóṣooṣù, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ export sí nínú áàpù yẹn, ẹ dáunlóòdù gbogbo ọ̀rọ̀ àti íméèlì àwọn èèyàn yín, ẹ gbé e síbi tí kì í ṣe ọ̀dọ̀ wọn. Kẹ́ ẹ tó wá sinmi, ẹ ṣí fáìlì yẹn wò, torí àkọ́kọ́ tí mo ṣe, oṣù mẹ́rin ni mo fi ń tọ́jú ẹ̀, ọjọ́ tí mo máa ṣí i, orúkọ nìkan ló wà nínú ẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ kankan.