Ìṣẹ́jú 2 fún ọmọ tó ń pa ilé ìwé jẹ

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi ní Nyanya, ní Abuja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbìyànjú èyí. Ẹ mú ọmọ kan tó ń pa ilé ìwé jẹ, kí ẹ máa bá a sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 2 lójúmọ́, fún ọjọ́ 10 léraléra. Ẹ má mẹ́nu ba ìwé rárá. Ọmọkùnrin kan ní kíláàsì mi máa ń ta omi inú ọ̀rá ní Mararaba kó tó wá. Eruku a bo ẹsẹ̀ rẹ̀, orí tábìlì ló ń sùn sí. Mo kàn ń bi í pé, "Ṣé ọjà yá?" Ọjọ́ kẹrin ló tó gbójú sókè. Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án, òun ló kọ́kọ́ kí mi. Bí ọmọ bá wá sọ pé wọ́n ń lu òun nílé, ẹ má dá ọ̀rọ̀ náà gbé o, ẹ lọ bá olùdámọ̀ràn ilé ìwé lọ́jọ́ náà gan-an.