Bó o ṣe lè di àrokò àti létà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n ẹ obìnrin, bíi tayé ijọ́un n'Íjẹ̀bú

Àǹtí mi ń gbé Ìlọrin, èmi wà n'Íjẹ̀bú-Òde níbí, ojoojúmọ́ la máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ṣùgbọ́n "ṣé dáadáa ni, àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé iná wà" ló máa ń pọ̀ jù níbẹ̀. Ìgbà tí mo di àrokò, ìyẹn nǹkan tí a dì ránṣẹ́ kó lè sọ̀rọ̀ dípò ẹnu, sí wọn lọ́dún tó kọjá tí mo fi létà tì í, ọ̀rọ̀ tá a sọ lẹ́yìn ẹ̀ yàtọ̀ pátápátá, ìdí tí mo fi ń kọ bó o ṣe lè ṣe tìẹ nìyẹn.

Rò ó wò ná. Ọmọ ìyá méjì láyé ọdún 1880, ọ̀kan lọ́kọ l'Ékòó, ìkejì wà n'Íjẹ̀bú. Ti Èkó rí akọ̀wé tó lè bá a kọ létà, ilé ìwé ti wà níbẹ̀, kódà láti 1859 títí di 1867 ni wọ́n fi tẹ Ìwé Ìròyìn, ìyẹn ìwé ìròyìn lédè Yorùbá, l'Ábẹ́òkúta, 120 owó ẹyọ ni wọ́n ń tà á. Ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú ò gba àwọn míṣọ́nárì láyè títí Òyìnbó fi bá wa jagun ní Ìmagbọn lọ́dún 1892, nítorí náà tí létà bá dé ilé, ta ló máa kà á? Àlejò ni, àṣírí sì ti tú nìyẹn. Àrokò ò nílò akọ̀wé, alájàpá tó gbé e kọjá lọ́dọ̀ oníbodè lè má mọ nǹkan kan nínú ẹ̀.

Lọ sọ́dọ̀ àwọn lẹ́kùlẹ́jà lọ́jà Òkè-Ajé n'Íjẹ̀bú-Òde níbí, ra owó ẹyọ tí wọ́n ti lu ẹ̀yìn ẹ̀, torí tó o bá ní kó o lù ú fúnra ẹ ó máa fọ́. Ra òwú tó nípọn, òwú ìránṣọ lásán á já.

Iye tó o bá so ni ọ̀rọ̀ tó o sọ. Mẹ́fà ni ẹ̀fà, ìyẹn ni pé mo fà yín mọ́ra, ẹ̀yin náà ẹ fà mọ́ mi. Tó o bá wá fi ìyẹ́ adìyẹ kan sí i, ìyẹ́ la fi ń ro etí, ó túmọ̀ sí pé kí ọ̀rọ̀ mi wọ etí yín, mo fẹ́ fojú kàn yín kíákíá. Mẹ́jọ ni ẹ̀jọ, a jọ wà, ọkàn wa jọra. Mẹ́jọ lèmi yàn. Má fi òòyà sí i o, bó ti wù kó rẹwà tó, òòyà ló ní ká yà.

Ibi tó le jù rèé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ níbẹ̀. Ojú owó ẹyọ ni ibi tó la ẹnu tó dà bí eyín yẹn. Méjì-méjì ni kó o máa so wọ́n, kí wọ́n kojú síra. Tí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ìjà lo rán lọ yẹn. Èmi so tèmi dáadáa o, ṣùgbọ́n mi ò ta kókó sáàárín, gbogbo ẹ̀ yí nínú láílọ́ọ̀nù kó tó dé Ìlọrin, àǹtí mi pè mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ohùn wọn ti yí padà, wọ́n ní "kí ni mo ṣe fún ẹ?" Omi bọ́ lójú mi. Mo tún òmíràn dì lọ́jọ́ kejì. Nítorí náà ta kókó lẹ́yìn méjì kọ̀ọ̀kan, kó o fi aṣọ wé e kó má lè yí.

Létà ńkọ́? Fọwọ́ kọ ọ́, má tẹ̀ ẹ́. Kọ́kọ́ fi oríkì wọn kí wọn, bí ìyá yín ṣe máa ń kì wọ́n gan-an, lẹ́yìn náà kó o dáhùn ohun tí wọ́n bi ẹ́ kẹ́yìn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni kó o sọ nǹkan tí o ò lè sọ lórí fóònù torí pé àwọn ọmọ wà nítòsí. Má tọrọ owó nínú ẹ̀. Tó ò bá mọ àmì ohùn fi dáadáa, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ọdún 1875 ni àwọn míṣọ́nárì ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó l'Ékòó láti fẹnu kò lórí bí a ṣe máa kọ Yorùbá, àwọn tó sì ti ń kọ létà síra wọn ṣáájú ìgbà yẹn ò dúró dè wọ́n.

Gáréèjì ni mo ti fi wébíìlì ránṣẹ́, mo gba nọ́ńbà dírẹ́bà. Tó bá ti dé ọwọ́ wọn, má pè wọ́n láti ṣàlàyé, jẹ́ kí wọ́n kà á fúnra wọn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn èyí tí mo tún dì, dírẹ́bà kan pè mí pé kí n wá gba ẹrù. Owó ẹyọ mẹ́fà ló wà nínú aṣọ náà, gbogbo wọn kojú síra, ìyẹ́ adìyẹ funfun kan sì wà lára ẹ̀. Ọjọ́ Friday ni mo wọ mọ́tò lọ sí Ìlọrin.