Ìdí tí àlejò kò fi ń rí òwò mi lórí Instagram, àti bí mo ṣe tún un ṣe

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń gbé àwòrán báàgì aláwọ tí mò ń rán síta. Àwọn ọ̀rẹ́ mi nìkan ló ń wò ó.

Mo rò pé àwòrán ni kò dáa, mo wá ń yà wọ́n létí fèrèsé. Wọ́n mọ́lẹ̀ sí i lóòótọ́, síbẹ̀ àlejò kan ò yà. Mo to háṣítáàgì (ọ̀rọ̀ tí àmì # ṣáájú) jọ rẹpẹtẹ, òfo ni.

Ọjọ́ tí mo ní kí àbúrò mi wá "báàgì aláwọ" lórí fóònù tirẹ̀ ni ojú mi là: tèmi ò jáde rárá. Orúkọ òwò mi nìkan ni mo kọ sí àyè orúkọ lójú ìwé mi, ta ló sì mọ̀ ọ́n tí yóò wá a?

Mo tẹ "Edit profile", mo wọ "Name" (kì í ṣe "Username" o), mo fi "báàgì aláwọ" kún orúkọ òwò náà. Ẹ rọra kọ ọ́ dáadáa, torí ẹ̀ẹ̀mejì péré lẹ lè yí i padà láàárín ọjọ́ 14.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹni tí n kò mọ̀ rí kọ̀wé: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ṣì ní pupa yẹn?" Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Bóyá kò ní yára tó bẹ́ẹ̀ fún òwò tí èrò pọ̀ nídìí rẹ̀, àmọ́ ohun tó ṣiṣẹ́ fún mi nìyẹn.